Ẹgbẹ́ jáàsì àwọn ọ̀dọ́ ní Freedom Park: ta ló yẹ kó gba sólò, àlejò àbí ọmọ?

Ọmọ Ìtàfájì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti alẹ́ Sátidé tí mo ti Freedom Park, Broad Street, dé ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé e síwájú yín.

Ẹgbẹ́ jáàsì àwọn ọ̀dọ́ kan ló ṣeré níbẹ̀. Ọmọ méjìdínlógún ni wọ́n, èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, àgbà wọn sì jẹ́ mọ́kàndínlógún. Onísaxophone márùn-ún jókòó síwájú, onítrombone mẹ́rin wà lẹ́yìn wọn, onítrumpet mẹ́rin dúró lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ kan ni dùùrù, gìtá, gìtá báàsì àti ìlù òyìnbó wà, pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan tó ń lu agogo. Wọ́n pe àlejò mẹ́ta wá gba sólò, ìyẹn ni kí ẹnì kan dá fọn tàbí dá lu tinú ara rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń gbè é: bàbá onítrumpet kan tó ti ń fọn hailáìfù kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, arábìnrin onísaxophone kan tó ti ìlú òyìnbó wá, àti àyàn kan láti Muṣin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọṣẹ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn.

Orin mọ́kànlá ni wọ́n ṣe. Nínú mẹ́sàn-án, àlejò nìkan ló gba sólò. Àwọn ọmọ á fọn ohun tó wà nínú ìwé, wọ́n á gbé fèrè lé itan, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn àlejò. Ó dà bí ìgbà tí onílé gbé àga fún àlejò nínú ilé ara rẹ̀, tó wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí àlejò fi jẹun tán.

Ó wá kan orin kẹwàá. Blues ni, èyí tó máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn báà méjìlá; báà ni ìwọ̀n kékeré kọ̀ọ̀kan tí a ń pín orin sí. Bàbá onítrumpet fọn yípo méjì, ó gbé trumpet rẹ̀ lé orí àga, ó yíjú sẹ́yìn, ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kan láàárín àwọn onítrombone. Adarí wọn fẹ́ fọwọ́ dá a dúró, bàbá mirí. Ọmọ náà dìde. Ohùn àkọ́kọ́ tó fọn, ó fọ́. Ó dákẹ́ fún bíi báà méjì. A rò pé ó ti tán. Ó wá fọn ohùn mẹ́ta péré, ó tún un fọn, ó tún un fọn, ìgbà kẹta ni àyàn gbé ìlù sábíyá tó dá a lóhùn. Létí tèmi, “mo ti dé” ni ọmọ yẹn fọn. Gbogbo ọgbà dìde dúró.

Èrò mi ni pé ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni eré alẹ́ yẹn. Kí ni ìdí tí a fi dúró di orin kẹwàá?

Ará Ògùdù

Ọmọ Ìtàfájì, ẹ kú àkíyèsí. Èmi náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ohun tí ẹ sọ.

Nítorí onísaxophone yẹn ni mo ṣe sanwó. Wákàtí méjì ni mo lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland kí n tó dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tí a fi orúkọ àlejò pè jáde nílé, ó yẹ kó gbọ́ àlejò. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa nínú ohun tí wọ́n ti kọ́. Fèrè mẹ́tàlá tó ń wọlé papọ̀ tó sì ń dákẹ́ papọ̀, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn, ẹ má ṣe sọ ọ́ di gbígbé àga.

Ohùn àkọ́kọ́ tó fọ́ yẹn, ó dùn mí fún ọmọ náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n ní kí n dá orin kọ ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohùn mi yẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì la ẹnu kọrin ní gbangba mọ́, mo sì ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ti ọmọ yìí bọ́ sí i. Ẹlòmíì á jókòó padà, kò sì ní dìde mọ́ láyé. Ilé ni kí wọ́n ti kọ́ wọn ní sólò kí wọ́n tó nawọ́ sí wọn lójú agbo.

Bàbá Kámpọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ń kà á láti àná.

Ọmọ Campos ni mí, àdúgbò àwọn Àgùdà, a sì ti ń gbọ́ fèrè kí a tó mọ ìwé kà. Ọdún 1960, ọdún òmìnira, ni Louis Armstrong, onítrumpet jáàsì ará Amẹ́ríkà, wá sí Èkó. Oṣù Kejìlá 1961 ni àwọn olórin Amẹ́ríkà mìíràn, Lionel Hampton, Nina Simone àti Randy Weston, tún wá ṣeré ní pápá King George V ní Oníkan, ibi tí ẹ ń pè ní Mobolaji Johnson Arena lónìí. Babatunde Olatunji onílù, ọmọ Àjìdó lẹ́bàá Badagry, wà nínú àwọn tó bá wọn wá láti Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. N kò lówó ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn ògiri ni mo dúró sí.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àlejò ti ń wá sí Oníkan. Àlejò á wá, àlejò á lọ. Ohun tó sọ ọmọ Èkó di onífèrè ni ẹgbẹ́ tó gbà á sílé. Ẹ wo Bobby Benson, olórí ẹgbẹ́ hailáìfù: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Victor Olaiya, Roy Chicago àti Eddy Okonta gbà kọjá kí oníkálukú tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Olaiya náà dá Cool Cats sílẹ̀. Fela bá a ṣeré kó tó lọ kọ́ orin ní London ní 1958. Tony Allen, tí gbogbo ayé wá ń wárí fún nídìí ìlù, nígbà tó kọ́kọ́ wọ Cool Cats, igi méjì tí a ń gbá mọ́ra ni Olaiya fún un. Kò gbé e lé ìdí ìlù lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n kò ní kó dúró sílé. Orí pèpéle ló ti ń gbá igi yẹn, lójú gbogbo èrò, níbi tí etí rẹ̀ ti ń gbọ́ ohun tí onílù ń ṣe.

Nítorí náà, Ará Ògùdù, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ ní ìdí. Àmọ́ ilé kì í kọ́ni ní ohun tí òde ń kọ́ni.

Onísáùndì Ìdúmọ̀tà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i ní ṣókí. Máìkì tí wọ́n gbé síwájú kò ju mẹ́ta lọ, iwájú àlejò sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Nígbà tí ọmọ onítrombone dìde, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú lẹ gbọ́ ọ dáadáa. Àwa tá a wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, nídìí àwọn tó ń ta oúnjẹ, ìlù àyàn nìkan la gbọ́, a wá rí i pé èrò dìde. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ gba sólò, kó gbé máìkì kan sí àárín kí ẹni tó kàn máa jáde wá síbẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn ní kó dìde kí àwọn ẹbí rẹ̀ lè rí i ni.

Olùkọ́ Orin, Yábàá

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, torí ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin ní apá Mainland. Ayé ìsinsìnyí kì í ṣe pé a kò rí ibi kọ́ orin: ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON wà ní Oníkan, Peter King onísaxophone dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà Badagry. Ohun tó ṣòro ni kí ọmọ kúrò nínú ìwé.

Nínú ẹgbẹ́ jáàsì ńlá, kò sí bí èèyàn mẹ́tàlá ṣe lè máa fọn tinú ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ni yóò dà. Ẹni tó to orin náà ti kọ ti olúkúlùkù sílẹ̀. Sólò ni àyè tó fi sílẹ̀, ìlà òfìfo, orúkọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń tẹ̀ papọ̀, nìkan ló wà lókè rẹ̀. Ọmọ tí a ti nà ní pàṣán ọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta pé àṣìṣe ni ohun tí kò bá sí nínú ìwé, báwo ni ọkàn rẹ̀ á ṣe balẹ̀ nígbà tó bá dé orí ìlà tí kò ní nǹkan kan? Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kan náà ni yóò fọn fèrè nígbà ìyìn lọ́jọ́ Ìsinmi fún odidi wákàtí kan láìwo ìwé. Akọrin á yí orin padà lójijì, á tẹ̀ lé e. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń bi òun léèrè níbí.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń gba fèrè lọ́wọ́ wọn. Mo lé, wọ́n gbè. Ó yá, kí ọ̀kan nínú wọn lé, kí àwa yòókù gbè. Báà méjì péré, ẹnu nìkan. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹnu bá ti tú ni mo tó dá fèrè padà. Ó máa ń tó oṣù méjì kí ẹlòmíì tó fọn ohun tó jẹ́ tirẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ kánjú.

Ará Ògùdù, ẹ̀rù tí ẹ sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n, mo ti rí ọmọ tó gbé fèrè sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn olórin jáàsì ní ètò kan tó ń dín in kù. Wọ́n máa ń pín báà mẹ́rin-mẹ́rin: àlejò fọn mẹ́rin, ọmọ fọn mẹ́rin, àlejò gbà á padà. Bí ti ọmọ bá wọ́, kò ní pẹ́ bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí àgbà á ti gbé e dìde. Àlejò tó bá mọ nǹkan á tún mú ohun tí ọmọ ṣì fọn yẹn, á fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, á sọ ọ́ di orin. Ẹni tó sanwó á gbọ́ àlejò tó wá gbọ́. Ọmọ náà á jẹ́ olórin lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àmọ́ àlejò tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ eré, tó bá wọn gba inú orin kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, báwo ló ṣe máa mọ ọmọ tó lè gbé e? Ibẹ̀ ni mo rò pé àṣìṣe wà.

Ìyá Onítrombone

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ni ìyá ọmọ tí ẹ ń sọ. Ẹ ṣé tí ẹ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ẹ tó bá adarí wọn wí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó ṣe rìn. Àwa òbí la dáwó àlejò. A tún dáwó bọ́ọ̀sì àti ìjókòó. Nígbà tí owó ti jáde lọ́wọ́ èèyàn báyẹn, àwọn kan nínú wa ló sọ ní ìpàdé pé ohun tí a san ni kí a rí, kí àlejò fọn dáadáa kí èrò lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo wà lára àwọn tó gbọ́ ọ tí kò sọ nǹkan kan. Adarí tẹ̀ lé ohun tí a fẹ́ ni. Bí ẹ̀bi bá wà, kó kàn wá.

Trombone ọmọ mi, tòkunbọ̀ ni. Surulere là ń gbé, yàrá méjì. Nígbà tí ará ilé bá tan jẹnẹrétọ̀ ló máa ń fọn ún, kí ariwo lè bo ariwo. Ìyá àgbà, ìyá ọkọ mi, ń gbé pẹ̀lú wa. Lọ́jọ́ tí ọmọ délé tó ní òun ti wọ ẹgbẹ́ jáàsì, màmá dìde jókòó lórí ibùsùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí jáàsì jẹ́ lẹ́nu ọmọ Èkó: oògùn ni. Mo ṣàlàyé pé orin ni, ó ní ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìlù tí a ń jókòó tì ni jáàsì, kì í ṣe fèrè. Odindi ọdún kan ni kò fi bi ọmọ náà nípa rẹ̀. Sátidé yìí ló kọ́kọ́ bá wa jáde.

Nígbà tí ohùn yẹn fọ́, ọwọ́ mi gbọ̀n. Ará Ògùdù, ohun tí ẹ rò ni mo rò.

Àyàn Muṣin

Mo kí gbogbo ilé, mo kí Bàbá, mo kí ìyá ọmọ. Èmi kọ́ ni mo lù lálẹ́ yẹn, ẹbí wa ni, ìjókòó iwájú ni mo wà.

Nílé àyàn, omele ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Á lu ohun kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, etí rẹ̀ á sì wà lára ìyá ìlù. A kì í gbé ìyá ìlù fún ẹni tí kò tíì mọ òwe tó ń fi í pa. Lórí èyí, mo wà lẹ́yìn Ará Ògùdù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan á pé, níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìyàwó, tí bàbá á kàn bọ́ ìyá ìlù kúrò léjìká, á gbé e kọ́ ọmọ lọ́rùn láàárín èrò. Bàbá kò ní lọ jókòó o. Omele ni yóò gbà, á máa ti ọmọ lẹ́yìn. Ṣé ẹ rí bàbá onítrumpet yẹn? Nígbà tó gbé trumpet sílẹ̀, kò jókòó. Ó ń pàtẹ́wọ́ sí ẹsẹ̀ orin títí ọmọ fi parí. Mo mọ̀ nígbà náà pé ó ti jẹ́ ọmọ lẹ́yìn ẹnì kan rí.

Ọ̀rọ̀ kejì. Ọmọ Ìtàfájì ní “mo ti dé” ni ọmọ náà fọn. Rárá o. “Mo ti dé”, re re mí ni. “Ọmọdé” náà, re re mí. Ohun tí ọmọ yẹn fọn, ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, kó tó fò sókè, ìfò yẹn sì ga ju bí re ṣe jìnnà sí mí lọ. Dò dò mí ni. Nínú ohun tí ẹnu ń pè dò dò mí, oríkì ló kọ́kọ́ wá sí àyàn létí: Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àkàndé. Ẹbí mi gbọ́ ọ. Ṣáájú eré, ó ti bá onídùùrù wá ohùn, ó ti fi ìsàlẹ̀ ìlù rẹ̀ bá B-flat wọn mu, torí ibẹ̀ lara máa ń tu àwọn onífèrè. Nígbà tí ọmọ pe oríkì lẹ́ẹ̀kẹta, ó tú ọsán sílẹ̀, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n pè nílé. Èyí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ta ni ọmọ náà ń pè? Ìyẹn ni n kò mọ̀.

Ọmọ Ìtàfájì

Bàbá Àyàn, ẹ ṣeun, mo gbà. Mo ti fi ẹnu pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá báyìí nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ló rí, ó fò ju “mo ti dé” lọ. Màmá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrora. Mo yọ ọ̀rọ̀ onílé tó gbé àga kúrò nílẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin òbí lẹ ru ẹrù náà.

Trombone Kẹta

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá mi àti ẹ̀yin ìyá mi. Màmá mi ló fi ojú ìwé yìí hàn mí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ fúnra mi.

Àbẹ̀kẹ́ ni. Oríkì ìyá àgbà ni.

N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá nawọ́ sí mi, ohun tó wà lórí mi ni Dorian, ètò ohùn kan tí olùkọ́ wa kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ètè mi ti gbẹ nítorí pé mo ti jókòó pẹ́ láìfọn nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí ohùn yẹn fi fọ́. Gbogbo ohun tó wà lórí mi ló lọ. Mo gbójú sókè kí n má bàa sunkún, mo rí ìyá àgbà ní ìlà kejì, wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di àga iwájú wọn mú. Mo kàn pè wọ́n ni. Trombone rọrùn fún un, torí ọ̀pá rẹ̀ ń fà, ó lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn bí ẹnu ṣe ń ṣe. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì torí n kò mọ ohun tó kàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìlù jẹ́ mi, n kò bẹ̀rù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ará Ògùdù, ẹ ṣeun tí ó dùn yín fún mi. Mo dìde lẹ́ẹ̀kejì nínú orin kọkànlá, bóyá ẹ ti ń lọ síbi ọkọ̀.

Bàbá onítrumpet ti sọ pé àwọn á máa wá síbi ìdánrawò wa ní Sátidé mẹ́ta kí a tó tún ṣeré, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí oníkálukú wa mú oríkì kan wá láti ilé, kó fi ẹnu pè é ná. Ìyá àgbà ti ń kọ́ mi ní èyí tó tẹ̀ lé Àbẹ̀kẹ́, ó gùn, n kò tíì mọ ibi tí màá ti mí sí.

Ará Ògùdù

Àbúrò mi, òótọ́ ni, mo ti wà níbi ọkọ̀. Ẹ sọ ọjọ́ eré tó kàn fún wa níbí tó bá ti dájú. Màá tètè jáde nílé.